Iṣẹ́ NP Wà, Ta Ni Yóò Dúró Tì Ọ́?

 Ẹ̀yin ọmọ káàárọ̀-oò-jíire ní Houston àti káàkiri Amẹ́ríkà, tí ẹ ń múra iṣẹ́ alẹ́ lọ́wọ́, tí ẹ ti wọ aṣọ iṣẹ́, tí ẹ ń di oúnjẹ sínú báàgì, ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀.  Ọ̀pọ̀ yín ló wà nílé ẹ̀kọ́ NP báyìí. Àwọn mìíràn ti parí, ìwé àṣẹ ti wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ti ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ti ya fọ́tò pẹ̀lú aṣọ oyè, síbẹ̀ iṣẹ́ alẹ́ nọ́ọ̀sì tí wọ́n ń lọ tẹ́lẹ̀ náà ni wọ́n ṣì ń lọ.

Fún ẹ̀yin tí iṣẹ́ ìlera kì í ṣe tiyín: NP ni nọ́ọ̀sì tó padà sílé ẹ̀kọ́ gíga, tó gba oyè kún oyè, tó yege ìdánwò, tó wá ní àṣẹ láti yẹ aláìsàn wò fúnra rẹ̀, kó sọ ohun tó ń ṣe é, kó sì kọ oògùn fún un. Ìyàtọ̀ ńlá ló wà láàárín ìyẹn àti iṣẹ́ RN, ìyẹn nọ́ọ̀sì tó ń tẹ̀lé ohun tí dókítà kọ sílẹ̀, a ó sì dé orí ìyàtọ̀ yẹn láìpẹ́.

Ìbéèrè méjì ni wọ́n máa ń fi dá mi dúró ní ìkómọ, ní ìsìn, kódà níbi tí a ti tò láti gba oúnjẹ. Àkọ́kọ́: "Àǹtí, wọ́n ní iṣẹ́ NP pọ̀ lọ jàra. Èmi ò kúkú rí i." Èkejì: "Wọ́n ní ọjọ́ méjì péré lọ́sẹ̀ ni àwọn lè fún mi. Ṣé kí n gbà á, kí n fi máa mú iṣẹ́ RN mi lẹ́sẹ̀?"

Iṣẹ́ pọ̀, irọ́ kọ́. Ẹ̀ka ìjọba àpapọ̀ tó ń ka iye iṣẹ́ àti owó iṣẹ́ nílẹ̀ yìí sọ pé iye iṣẹ́ NP yóò fi ìdá 46 nínú 100 lé sí i láti 2023 sí 2033. Iṣẹ́ tó ń gbèrú báyẹn kò pọ̀ rárá ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ní 2023 kan náà, bí a bá to gbogbo NP láti orí ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù dé orí ẹni tí owó rẹ̀ pọ̀ jù, ẹni tó bọ́ sí àárín ń gba dọ́là 126,260 lọ́dún. RN tó bọ́ sí àárín ń gba dọ́là 86,070. Ẹ ti rí ìdí tí a fi ń sáré lọ sílé ẹ̀kọ́. Àwa nìkan kọ́ la sì ń sáré. Àwọn tó ní ìwé àṣẹ NP ti lé ní 400,000, bíi méje nínú mẹ́wàá wọn ló sì kọ́ ìtọ́jú ìdílé, ìyẹn FNP, èyí tí ọ̀pọ̀ jù lọ wa náà kọ́.

Ẹ wá kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún FNP tuntun jọ sí Houston. Gbogbo wọn fẹ́ kílíníìkì tí kò jìnnà sí Katy tàbí Sugar Land. Gbogbo wọn fẹ́ aago mẹ́jọ sí aago márùn-ún, láìsí Sátidé, láìsí pé wọ́n ń pè wọ́n lóru. Ṣé ó yà yín lẹ́nu pé kílíníìkì yẹn ń béèrè ìrírí ọdún méjì? Ó lágbára láti ṣà. Ìyẹn ni ìdáhùn sí ìbéèrè àkọ́kọ́: iṣẹ́ wà, àmọ́ kò sí níbi tí gbogbo wa ń wò.

Ẹ jẹ́ ká rántí ìdí tí wọ́n fi dá iṣẹ́ yìí sílẹ̀. Ní 1965, nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Loretta Ford àti dókítà ọmọdé kan, Henry Silver, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ NP àkọ́kọ́ ní Yunifásítì Colorado. Ford ti ṣe nọ́ọ̀sì ìlera àwùjọ ní ìgbèríko, ó sì ti rí àwọn ọmọ tí dókítà kò sí nítòsí wọn. Ó gbà pé nọ́ọ̀sì tí wọ́n bá kọ́ dáadáa lè tọ́jú wọn. Inú ọ̀pọ̀ dókítà kò dùn sí i nígbà náà, inú àwọn olùkọ́ nọ́ọ̀sì mìíràn pàápàá kò dùn. Màmá náà dàgbà dàgbà kó tó lọ. Ní January 2025 ló kú, ẹni ọdún 104. Ibi tí dókítà kò sí ni iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń fi ìtara wá NP títí dòní.

Òfin gan-an wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn. Ní 1977 ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin fún àwọn kílíníìkì ìgbèríko. Kílíníìkì tó bá fẹ́ jẹ àǹfààní owó Medicare, inṣọ́ránsì ìlera ti ìjọba fún àwọn àgbàlagbà, lábẹ́ òfin náà gbọ́dọ̀ ní NP, tàbí PA, ìyẹn olùrànlọ́wọ́ dókítà, tàbí agbẹ̀bí tó gboyè, tó ń wà lẹ́nu iṣẹ́ fún ó kéré tán ìdajì àkókò tí ilẹ̀kùn wọn fi ń ṣí. Bí wọn kò bá rí ẹni bẹ́ẹ̀, wàhálà ti dé nìyẹn. Nítorí náà, kílíníìkì tó wà ní ìlú kékeré lápá ìlà-oòrùn Texas, nítòsí Lufkin tàbí Nacogdoches, kò ní wo ìwé rẹ tuntun pẹ̀lú ojú tí ti Katy fi ń wò ó.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ wí. Ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Ilé ìwé àwọn ọmọ ńkọ́? Ta ni yóò ta ẹ̀lùbọ́ fún mi ní Lufkin? Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Àmọ́ bíi wákàtí méjì ni Lufkin sí Houston. Àwọn kan ń lọ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, wọ́n ń fi wákàtí mẹ́wàá mẹ́wàá ṣiṣẹ́ dé Ọjọ́bọ̀, wọ́n sì ti wà nílé kí ọjọ́ Ẹtì tó mọ́. Wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ títí ayé. Lẹ́yìn ọdún méjì, wọ́n padà wá sí Houston pẹ̀lú ìrírí tí Katy ń béèrè.

Ó yá, ìbéèrè kejì. Ìyẹn ló jẹ́ kí n jókòó síwájú gbohùngbohùn yìí.

Ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀. Iṣẹ́ àbọ̀ṣẹ́. Ẹ wo bó ti dùn tó létí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, ẹ wà ní kílíníìkì bí NP. Lálẹ́ àwọn ọjọ́ kan, ẹ wà lọ́sibítù bí RN, owó ibẹ̀ kò dín. Àwa Yorùbá mọ iṣẹ́ méjì ṣe. Bí a bá gbọ́ pé ẹnì kan ní iṣẹ́ kan ṣoṣo, a máa ń rò pé ara rẹ̀ kò yá. Èrò mi nìyí, mo sì mọ̀ pé yóò bí àwọn kan nínú: NP tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kò yẹ kó fi ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ bẹ̀rẹ̀, àyàfi tí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà bá wà nínú ilé kan náà pẹ̀lú rẹ̀, tí ẹlòmíràn sì ń mójú tó àwọn aláìsàn rẹ̀ ní ọjọ́ tí kò sí níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan. Bàbá ẹni ọdún 58 kan jókòó síwájú yín. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá a jà, ó ń lo lisinopril, kò tó o. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ fi spironolactone kún un.  Ẹ gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò bó ti yẹ, ẹ kí i pé ó dàbọ̀, ẹ sì pe ẹni tó kàn, nítorí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni wọ́n fún yín fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Láàárọ̀ Ọjọ́rú, èsì dé: potassium rẹ̀ jẹ́ 6.2. Ó yẹ kó má ju 5 lọ púpọ̀. Irú iye yẹn lè dá ọkàn dúró lójijì. Ṣùgbọ́n Ọjọ́rú kì í ṣe ọjọ́ iṣẹ́ yín. Orúkọ yín ni èsì náà ń bọ̀ wá bá nínú kọ̀ǹpútà. Ẹ ti ti alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun gba ọsibítù lọ, ẹ ṣe RN mọ́jú, ẹ dé ilé, ẹ pa fóònù, ẹ sùn. Dókítà tó fọwọ́ sí ìwé kí ẹ lè máa kọ oògùn wà ní kílíníìkì rẹ̀ kejì, kò tiẹ̀ mọ̀ pé bàbá yẹn wà láyé. Ta ni yóò pe bàbá yẹn pé kó lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì lójú ẹsẹ̀?

Ohun mìíràn tún wà nínú ọ̀rọ̀ bàbá yìí. Wọ́n ti sọ fún un pé kó dín iyọ̀ kù, ó sì gbọ́ràn. Ó lọ sí ilé ìtajà, ó ra iyọ̀ tí wọ́n kọ sí lára pé kò ní sodium nínú, òun ló ń wọ́n sórí gbogbo oúnjẹ. Potassium ni wọ́n fi ṣe irú iyọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sí nínú àkọsílẹ̀ oògùn rẹ̀, nítorí kò ka iyọ̀ sí oògùn. NP tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yóò ti bi í pé, "Bàbá, iyọ̀ wo lẹ ń lò báyìí?" NP tuntun kò ní rántí, kì í ṣe pé ó gọ̀; kò tíì rí irú rẹ̀ rí ni. Ohun tí ọdún àkọ́kọ́ wà fún nìyẹn. Ẹni tó wà ní yàrá kejì, tí ẹ lè kan ilẹ̀kùn rẹ̀ kí ẹ ní "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo èyí," ó níye lórí ju dọ́là mẹ́wàá tí ibòmíràn fẹ́ fi kún owó wákàtí yín. Ọmọ iṣẹ́ télọ̀ tó gba òmìnira lánàá, tí wọ́n dá nìkan fi sí ṣọ́ọ̀bù lónìí, aṣọ oníbàárà ni yóò fi kọ́ṣẹ́.

Àwọn kan yóò ní, "Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo ti fi ṣe RN ní ICU, kí ló kù tí n kò tíì rí?" Ìrírí yẹn wúlò púpọ̀, kò sí ẹni tó lè gbà á lọ́wọ́ yín. Àmọ́ ní ICU, níbi tí àìsàn ti le gan-an, ẹ rí i pé nǹkan ń bàjẹ́, ẹ pe dókítà. Ní kílíníìkì, ẹ̀yin ni wọ́n pè. Ìyẹn gbọ́dọ̀ mọ́ yín lára, kì í sì í mọ́ni lára lọ́jọ́ méjì lọ́sẹ̀.

Àwọn ìpínlẹ̀ kan tiẹ̀ ń ka wákàtí. Ní Illinois, NP gbọ́dọ̀ ní 4,000 wákàtí iṣẹ́, pẹ̀lú 250 wákàtí ẹ̀kọ́ àfikún, kí ó tó lè dá dúró láìsí àdéhùn pẹ̀lú dókítà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Chicago, ẹ bá mi ṣírò. Ẹni tó ń fi 40 wákàtí ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ yóò kó 4,000 jọ ní ọgọ́rùn-ún ọ̀sẹ̀, bí ọdún méjì. Ẹni tó ń ṣe 16 yóò lo 250 ọ̀sẹ̀, ó ń lọ sí ọdún márùn-ún. Ní Maryland, wọn kì í béèrè irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n NP tuntun gbọ́dọ̀ ní ẹni tí yóò máa fọ̀nà hàn án fún oṣù 18. Tiwa ní Texas níhìn-ín ló le jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: ọdún yòówù kí o fi ṣe é, o kò lè kọ oògùn láìsí àdéhùn tí dókítà fọwọ́ sí, ẹ sì gbọ́dọ̀ jọ ṣèpàdé ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Lọ́pọ̀ ibi iṣẹ́, dókítà kan kò sì lè fọwọ́ sí i fún ju NP àti PA méje lọ, bí a bá fi iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kíkún ka ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwọn dókítà kan ti sọ ìfọwọ́sí yìí di òwò, wọ́n ń gba owó lóṣooṣù lọ́wọ́ NP tí wọn kò rí sójú rí. Ẹ jìnnà sí irú wọn.

Ìdí mìíràn tí àwọn agbanisíṣẹ́ fi ń lọ́ra láti gba NP tuntun fún ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ ni pé wàhálà tó wà nínú gbígbà á kò kéré sí ti ẹni ọjọ́ márùn-ún. Iléeṣẹ́ inṣọ́ránsì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ yẹ ìwé rẹ wò kó tó máa san owó fún aláìsàn tí o bá rí, ìyẹn sì máa ń gba oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin. Medicare ní tirẹ̀ ń san ìdá 85 nínú 100 ohun tí ì bá san fún dókítà bí orúkọ NP bá wà lórí ìwé. Ọ̀gá kílíníìkì ti ṣe ìṣirò rẹ̀ kó tó pè yín. Bí ẹ bá rí ẹni tó ń gba NP tuntun tọwọ́tẹsẹ̀ fún ọjọ́ méjì, tó ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ ní Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, ẹ bi í ìdí tí ẹni tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ fi lọ.

Mi ò sọ pé iṣẹ́ àbọ̀ṣẹ́ burú. Ìyá ọlọ́mọ ọwọ́ kò lè pín ara rẹ̀ sí méjì. Ẹni tí àìsàn ìyá tàbí bàbá rẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀ náà ńkọ́? Irú ẹni bẹ́ẹ̀, ohun tí mo máa ń sọ fún un ni pé kó wá kílíníìkì ńlá tí NP pọ̀ sí, tí wọ́n ní ètò pé bí ẹnì kan kò bá sí, ẹnì kejì ni yóò wo èsì àyẹ̀wò rẹ̀. Kó sì béèrè pé kí wọ́n jẹ́ kí òun ṣe ọ̀sẹ̀ kíkún fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ bí ó bá ṣeé ṣe, kó tó dín in kù. Kó má gbàgbé ìwé ẹ̀rí rẹ̀ náà: AANPCB, ọ̀kan nínú àwọn tó ń fún FNP ní ìwé ẹ̀rí, ń fẹ́ ó kéré tán 1,000 wákàtí iṣẹ́ NP láàárín ọdún márùn-ún, láìka ẹ̀kọ́ àfikún, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò tún ìdánwò ṣe. Kò tó wákàtí mẹ́rin lọ́sẹ̀, kò pọ̀. Àmọ́ wákàtí RN kò sí nínú rẹ̀, mo sì mọ bí ọdún márùn-ún ti ń fò lọ mọ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ lọ́wọ́.

Fún ẹni tó ti ní ọdún méjì mẹ́ta lẹ́yìn, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Iṣẹ́ àbọ̀ṣẹ́ pọ̀ fún un, ó sì dára. Àwọn ilé ìtọ́jú arúgbó ń fẹ́ NP nítorí òfin ní kí wọ́n máa rí olùgbé ibẹ̀ ní gbogbo 30 ọjọ́ láàárín 90 ọjọ́ àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ó kéré tán ní gbogbo 60 ọjọ́. Lẹ́yìn ìbẹ̀wò àkọ́kọ́ dókítà, òun àti NP lè máa gbà á ṣe fún ara wọn. Àwọn iléeṣẹ́ hospice, tó ń tọ́jú ẹni tí àìsàn rẹ̀ kò ṣeé wò sàn mọ́, náà ń wá wọn, torí bí aláìsàn bá ti ń wọ sáà ìtọ́jú kẹta, dókítà tàbí NP wọn gbọ́dọ̀ fojú ara rẹ̀ rí i kí Medicare tó máa san owó lọ. Ẹni tó bá ní sùúrù láti jókòó ti ẹbí aláìsàn yóò fẹ́ràn iṣẹ́ yìí. Àwa tí a ti tọ́jú àgbà nílé, a sábà máa ń mọ̀ ọ́n ṣe.

Èyí tó gbajúmọ̀ jù láàárín wa ni pé iléeṣẹ́ inṣọ́ránsì ń rán NP lọ sílé àwọn àgbàlagbà láti lọ yẹ̀ wọ́n wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ẹ ó wọ mọ́tò yín, ẹ ó kan ilẹ̀kùn, ẹ ó wọn ẹ̀jẹ̀, ẹ ó wo ẹsẹ̀, ẹ ó ka gbogbo ìgò oògùn tó wà lórí tábìlì, ẹ ó kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà, ẹ ó sì máa lọ. Iye ilé tí ẹ bá dé ni wọ́n ń sanwó lé lórí. Owó wà níbẹ̀. Àmọ́ ẹ kì í kọ oògùn, ẹ kì í sì í padà lọ wo bóyá ohun tí ẹ ṣe ràn án lọ́wọ́. NP tó bá fi èyí bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn ọdún méjì yóò mọ gbogbo òpópónà Houston, kò sì ní mọ bí a ti ń yí oògùn àtọ̀gbẹ padà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwọn tó ń sáré lọ kọ́ ìtọ́jú ọpọlọ. Àwọn èèyàn nílò rẹ̀ lóòótọ́, owó rẹ̀ dára, ẹ sì lè ṣe é láti inú yàrá yín lórí fídíò. Ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá tíì fi ọjọ́ kan ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù àwọn alárùn ọpọlọ rí, kí ló dé tó fi jẹ́ pé fídíò ni ẹ fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀? Ní June 2024, ìjọba àpapọ̀ mú àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ orí ẹ̀rọ ayélujára kan nítorí bí wọ́n ti ń pín Adderall, oògùn tí òfin ń ṣọ́ lójú méjèèjì. Ìwé àṣẹ àwọn tó ń kọ oògùn ló wà lórí irú ìwé oògùn bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ti ẹni tó ni iléeṣẹ́.

Ó kan ọ̀rọ̀ owó. Bí wọ́n bá ní 1099 ni wọn yóò fi san owó yín, ẹ̀yin ni ọ̀gá ara yín lójú ìjọba nìyẹn. Kò sí ẹni tí yóò yọ owó orí fún yín, kò sí inṣọ́ránsì ìlera, kò sí ìsinmi tí wọ́n ń sanwó rẹ̀. Ẹ ṣe 16 wákàtí ní dọ́là 80, ó di dọ́là 1,280 lọ́sẹ̀. Inú yín dùn. Owó orí ti ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún ara rẹ̀ nìkan, ìdá 15.3 nínú 100, yóò kó bíi dọ́là 181 nínú rẹ̀, owó orí tí gbogbo èèyàn ń san kò sì tíì dé. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún ni ìjọba ń retí rẹ̀: April 15, June 15, September 15 àti January 15. Ẹ ṣí àkáǹtì ọ̀tọ̀ fún un lọ́jọ́ tí owó àkọ́kọ́ bá wọlé, kí ẹnikẹ́ni nílé tó gbọ́ pé owó wà. Bí ẹ bá ń wa mọ́tò yín lọ sílé aláìsàn, ẹ máa kọ máìlì sílẹ̀. Ní 2025, IRS, àwọn agbowó orí ìjọba àpapọ̀, gbà kí ẹ yọ senti 70 lórí máìlì kọ̀ọ̀kan.

Gbèsè ilé ìwé náà wà níbẹ̀. Láti 2007 ni òfin ti wà pé ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba tàbí fún ilé ìwòsàn tí kì í ṣe fún èrè, tó sì san gbèsè ìjọba àpapọ̀ rẹ̀ ní ìgbà 120, oṣù kan fún ìgbà kan, wọn yóò fi ìyókù jì í. 30 wákàtí lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń kà sí iṣẹ́ kíkún. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ ni pé ẹ lè da iṣẹ́ àbọ̀ṣẹ́ méjì pọ̀ kó tó 30, bí méjèèjì bá jẹ́ ti irú àwọn agbanisíṣẹ́ bẹ́ẹ̀. RN 14 wákàtí ní ọsibítù tí kì í ṣe fún èrè, NP 16 ní kílíníìkì àwùjọ, ó ti pé. Ètò mìíràn, National Health Service Corps, ń san tó dọ́là 75,000 nínú gbèsè NP ìtọ́jú ìpìlẹ̀ tó bá fi ọdún méjì ṣe iṣẹ́ kíkún níbi tí dókítà ti wọ́n, tàbí tó dọ́là 37,500 fún ẹni tó ń ṣe àbọ̀. Ọmọ orílẹ̀-èdè yìí nìkan ló wà fún. Green card kò tó. Ẹ̀yin tí ẹ ti kún ojú òṣùwọ̀n láti di ọmọ onílùú, tí ẹ ń fònídónìí-fọ̀ladọ́la, ẹ tètè lọ kọ fọ́ọ̀mù yín.

Kí ẹ tó rí iṣẹ́ NP tó yẹ yín, ẹ má fi iṣẹ́ RN sílẹ̀. Ẹ sọ ọ́ di PRN, kí ẹ máa lọ nígbà tí àyè bá wà, kó máa gbọ́ bùkátà. Àmọ́ lálẹ́ tí ẹ bá wọ aṣọ RN, RN ni yín. Ẹ kò gbọdọ̀ kọ oògùn fún ẹnikẹ́ni nítorí pé ẹ ti mọ̀ ọ́n kọ. Tí ẹ bá sì ní àǹfààní láti wọ ètò ìkọ́ṣẹ́ ọdún kan fún NP tuntun, irú èyí tí Margaret Flinter dá sílẹ̀ ní Connecticut ní 2007, èyí tí àwọn ọsibítù VA kan, ti àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì, náà ní báyìí, ẹ gbà á. Owó rẹ̀ kò tó ti iṣẹ́ gidi. Ẹ gbà á bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ọkọ, mo fẹ́ bá yín sọ gbólóhùn kan. Ìyàwó yín ṣẹ̀ṣẹ̀ di NP, ẹ ti ń gbèrò ilẹ̀ tí ẹ fẹ́ rà ní Mowe nílé Nàìjíríà. Ó dára. Ẹ fún un ní ọdún kan. Bó bá dé ní aago mẹ́jọ alẹ́, tó tún ṣí kọ̀ǹpútà láti parí àkọsílẹ̀ aláìsàn, ẹ bu ọbẹ̀ sínú àwo fúnra yín.

Èyí tó kẹ́yìn ni ìwé àdéhùn. Ẹ wo irú inṣọ́ránsì tí wọ́n fẹ́ rà fún yín bí aláìsàn bá pè yín lẹ́jọ́. Irú kan wà tó jẹ́ pé bí ẹ bá ti kúrò níbẹ̀, ààbò rẹ̀ ti tán, bẹ́ẹ̀ aláìsàn lè gbé ẹjọ́ dé lẹ́yìn ọdún kan. Ẹ bi wọ́n ta ni yóò san owó àfikún tí yóò bo ẹ̀yìn yín nígbà tí ẹ bá lọ, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti ní ẹ kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ nítòsí wọn bí ẹ bá kúrò. Ní Texas, àdéhùn tí nọ́ọ̀sì bá fọwọ́ sí tàbí tí wọ́n bá sọ dọ̀tun láti September 1, 2025 kò lè fi irú ìdè bẹ́ẹ̀ ju ọdún kan àti máìlì márùn-ún lọ. Bí èyí tí wọ́n fún yín bá sọ ọdún méjì àti máìlì ogún, lọ́yà yín yóò rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin náà yóò sì mọ irú ẹni tí ẹ fẹ́ bá ṣiṣẹ́.

Ẹni tí wọ́n bá fi ìwé àdéhùn iṣẹ́ ránṣẹ́ sí lọ́sẹ̀ yìí, kó má fọwọ́ sí i lórí fóònù. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ mú bírò, ẹ wá orúkọ ẹni tí ẹ óò máa bi léèrè ní ọdún àkọ́kọ́, àti orúkọ ẹni tí yóò máa wo èsì àyẹ̀wò yín ní ọjọ́ tí ẹ kò sí níbẹ̀. Bí ẹ kò bá rí orúkọ méjèèjì, ẹ pè wọ́n lọ́jọ́ Ajé kí ẹ béèrè, ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí wọn yóò fi kọ ọ́ sínú ìwé.